Amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ: bí ilé-ìwé Gando ṣe dìde ní Burkina Faso

Ìjà àkọ́kọ́ tó wáyé lórí ilé-ìwé Gando, lórí amọ̀ ni. Owó ti wà nílẹ̀, àwòrán ilé ti wà, ọmọ bíbí abúlé náà ló sì fẹ́ kọ́ ọ, àkọ́bí baálẹ̀ pàápàá. Àmọ́ nígbà tí Diébédo Francis Kéré ti ilẹ̀ Jámánì dé, tó sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé amọ̀ ni òun fẹ́ fi kọ́ ilé-ìwé, ẹnu ya gbogbo wọn. Ilé síméǹtì ni wọ́n ń retí, irú èyí tó wà nílùú ńlá, irú èyí tí wọ́n gbà pé òyìnbó ń gbé. Inú ilé amọ̀ ni wọ́n bí àwọn fúnra wọn sí. Òjò a rọ̀, ògiri a wó, wọn a tún un mọ. Ṣé irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ó fẹ́ kó ọmọ wọn sí? Kéré fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé wọ́n ń bi ara wọn léèrè bóyá nítorí èyí náà ló ṣe pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ní Yúróòpù, tó ń kàwé dípò kó wá bá àwọn ro oko.

N ò rí i bá wọn wí. Ẹni tó dàgbà sínú ilé amọ̀ mọ ohun tí òjò ń ṣe sí i. Nílẹ̀ Yorùbá náà, nígbà tí pánù àti síméǹtì dé, a kò bẹ ẹnikẹ́ni kó tó fi ilé amọ̀ sílẹ̀. Ilé búlọ́ọ̀kù di àmì pé ọmọ ẹni ti là. Ká ní àwa ni wọ́n bá irú ọ̀rọ̀ yìí wá, ohun tí àwọn ará Gando sọ náà ni à bá sọ.

Mo yan Gando nítorí pé nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-ìwé tí àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ti kọ́ sí àwọn abúlé Áfíríkà, díẹ̀ ló wà tí a mọ ìtàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀: ta ló béèrè fún un, ta ló lòdì sí i, ta ló po amọ̀, ta ló ń san owó olùkọ́. Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni ìwé ìròyìn ọdọọdún àwọn ẹgbẹ́ aláàánú sábà máa ń fò kọjá, tí wọn a kàn ka iye ilé tí wọ́n kọ́.

Ọmọ tí wọ́n rán lọ kàwé

Gando wà ní apá gúúsù ìlà-oòrùn Burkina Faso, nǹkan bí 200 kìlómítà sí Ouagadougou, olú-ìlú orílẹ̀-èdè náà. Àwọn ẹ̀yà Bisa ló ń gbé ibẹ̀. Oko ni wọ́n ń ro, òjò oṣù mélòó kan ni wọ́n sì gbójú lé lọ́dọọdún kí ẹ̀ẹ̀rùn gígùn tó dé. Nígbà tí wọ́n bí Kéré ní 1965, Haute-Volta ni orílẹ̀-èdè náà ń jẹ́. Ìjọba Thomas Sankara ló yí orúkọ náà padà ní 1984.

Kò sí ilé-ìwé ní Gando nígbà náà. Bàbá rẹ̀ tí í ṣe baálẹ̀ ń fẹ́ ẹni tí yóò máa bá òun ka lẹ́tà. Bí àkọ́bí ṣe di ọmọ tí wọ́n rán lọ sí ilé-ìwé nìyẹn, òun sì ni ọmọ àkọ́kọ́ tó lọ ní gbogbo abúlé náà. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lọ sí ìlú Tenkodogo. Kíláàsì tó bá níbẹ̀, ilé síméǹtì ni, irú èyí tí àwọn ará ilé ń fẹ́. Ju ọgọ́rùn-ún ọmọ lọ ló wà nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kò tó, atẹ́gùn kò sí, ooru sì ń pa wọ́n. Ó ní ibẹ̀ ni òun ti pinnu pé bí ọjọ́ kan bá dé tí òun lè kọ́ ilé-ìwé, yóò sàn ju èyí lọ.

Ohun kan wà tó máa ń sọ nípa ìgbà ọmọdé rẹ̀ tí mo rò pé òun ni gbòǹgbò gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Bí ìsinmi bá ti parí, tó fẹ́ padà sí ilé-ìwé, ó ní láti lọ dágbére fún àwọn obìnrin abúlé láti ilé dé ilé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn a tú ìdí aṣọ, a fún un ní kọ́bọ̀ tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bi ìyá rẹ̀ léèrè ìdí tí gbogbo wọn fi fẹ́ràn òun tó bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní owó ilé-ìwé rẹ̀ ni wọ́n ń dá, pé wọ́n ń retí pé yóò ṣe àṣeyọrí, yóò sì padà wá ran abúlé lọ́wọ́. Gbogbo wa la mọ irú owó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n dá a fún kì í gbàgbé, àwọn tó dá a pàápàá kì í gbàgbé.

Ní 1985, ó rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà láti lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà ní Jámánì. Ó ń kọ́ bí a ṣe ń ṣe òrùlé àti àga lọ́sàn-án, ó ń lọ sí ilé-ìwé alẹ́ láti parí ẹ̀kọ́ gírámà. Ó di 1995 kó tó wọ yunifásítì Technische Universität ní Berlin láti kọ́ iṣẹ́ yíyàwòrán ilé. Ó ti pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Káfíńtà ni kó tó di ayàwòrán ilé, ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn, torí a óò rí i lára òrùlé rẹ̀.

Owó kọfí àti owó sìgá

Ní 1998, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ó dá ẹgbẹ́ aláàánú kan sílẹ̀ ní Jámánì. Schulbausteine für Gando ni wọ́n sọ ọ́, ìyẹn ni bíríkì ilé-ìwé fún Gando. Kéré Foundation ni wọ́n ń pè é lónìí. Kò ní olówó ńlá kankan lẹ́yìn. Ó ń bá àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n yọ nínú owó kọfí àti owó sìgá wọn, kí wọ́n fi ra bíríkì fún abúlé tí wọn kò mọ̀ rí. Gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́, ó tó ọdún méjì kó tó kó 50,000 dọ́là jọ.

Owó yìí kò kéré lójú akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n bí a bá ní kí a fi kó síméǹtì, irin ńlá àti ẹ̀rọ tí ń gbé ẹrù wúwo láti ọ̀nà jíjìn wá sí Gando, kò ní ká ibi kankan. Amọ̀ wà ní Gando lọ́fẹ̀ẹ́. Ọwọ́ ènìyàn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, pàápàá lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn tí iṣẹ́ oko bá dín kù. Kéré tún ń wo ooru. Ògiri amọ̀ tó nípọn máa ń pẹ́ kó tó gbóná, ògiri síméǹtì kì í pẹ́. Nítorí náà, ohun tó mú un rọ̀ mọ́ amọ̀ ju àìlówó lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àìlówó náà wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe ń ṣàlàyé èyí fún ènìyàn? Ọ̀pọ̀ àwọn ará abúlé kò mọ̀wé, àwòrán ilé lórí bébà kò sọ ohunkóhun fún wọn. Ó ní láti máa mọ àpẹẹrẹ fún wọn ní ojúkojú, kí wọ́n fi ọwọ́ kàn án. Ó fi amọ̀ mọ àpẹẹrẹ òrùlé kan tó tẹ̀ bí ọrun, òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ gun orí rẹ̀, wọ́n sì ń fò sókè sódò lórí rẹ̀. Kò wó. Ẹni tó bá fojú ara rẹ̀ rí i pé ènìyàn mélòó kan ń fò lórí amọ̀ tí amọ̀ náà kò sì ya, a bẹ̀rẹ̀ sí í ronú.

Èyí ni mo fẹ́ kí àwọn tó ń kọ́ ilé-ìwé kárí ilẹ̀ Áfíríkà wò. Kéré lè pàṣẹ. Ọmọ baálẹ̀ ni, owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti lọ sí òkè òkun. Agbára àṣẹ wo ló tún kù? Síbẹ̀ ó mọ̀ pé ilé tí wọ́n bá fi àṣẹ kọ́, ilé tirẹ̀ ni yóò jẹ́, ọjọ́ tí òjò bá sì ba igun rẹ̀ jẹ́, wọn yóò ní kí ọ̀gá onílé wá tún un ṣe láti Berlin.

Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2000. Ilé-iṣẹ́ ìjọba Burkina Faso kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ LOCOMAT ran wọ́n lọ́wọ́ láti kọ́ àwọn ará abúlé ní bí a ṣe ń ṣe bíríkì amọ̀ onítẹ̀. Amọ̀ tí wọ́n ń lò kò yàtọ̀ sí ti àtijọ́, ṣùgbọ́n wọ́n po síméǹtì díẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nínú ẹ̀rọ títí yóò fi ki pọ̀. Bíríkì bẹ́ẹ̀ kì í tètè yọ́ bí omi bá kàn án. Ó lè gbé ẹrù òrùlé, kò sì nílò òpó kọnkéré lábẹ́.

Iṣẹ́ pín kárí. Àwọn ọmọdé ń ṣa òkúta fún ìpìlẹ̀. Àwọn obìnrin ń pọn omi tí wọ́n fi ń po amọ̀, ẹni tó bá sì mọ bí omi ṣe ń jìnnà lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn ní irú àgbègbè bẹ́ẹ̀ yóò mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni. Ní Gando, àwọn obìnrin náà ló máa ń lu ilẹ̀ inú ilé. Wọn a tò, wọn a máa lù ú pọ̀ fún wákàtí púpọ̀, wọn a wá fi òkúta dán an títí ara rẹ̀ yóò fi jọ̀lọ̀, bí àwọn ìyá wa ṣe ń fi ẹlẹ́bọ́tọ pa ilẹ̀ ilé láyé àtijọ́. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ló ń mọ ògiri, àwọn ló sì kọ́ bí a ṣe ń fi ayùn ọwọ́ gé irin àti bí a ṣe ń fi ẹ̀rọ wẹ́lídà kékeré jó o pọ̀. Gbogbo àwọn tó ń bójú tó iṣẹ́ náà, ọmọ abúlé ni wọ́n.

Ìdí tí irin jíjó fi wọ ọ̀rọ̀ ilé-ìwé alámọ̀ ni òrùlé, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n ilé náà wà jù. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó sábẹ́ pánù lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn mọ bó ṣe ń rí. Pánù a gbóná, ooru rẹ̀ a máa bọ́ lé àwọn ọmọ lórí, olùkọ́ a máa fi ìwé fẹ́ ara rẹ̀. Ní apá ibẹ̀, ooru lè ju 40 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin. Bí òjò bá wá dé, ariwo orí pánù kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohùn olùkọ́ mọ́.

Kéré kò jù pánù nù. Ó kàn gbé e jìnnà sí orí ọmọ ni. Ó fi bíríkì amọ̀ ṣe àjà fún kíláàsì. Kọnkéré tẹ́ẹ́rẹ́ dábùú láti ògiri kan sí ìkejì, ọ̀pá irin wà lórí kọnkéré náà, bíríkì wà lórí ọ̀pá irin. Wọn kò fi síméǹtì lẹ bíríkì àjà wọ̀nyí pọ̀, wọ́n kàn tò wọ́n ni, kí àyè lè wà láàárín wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá gbé pánù lé orí irin tó ga sókè kúrò lórí àjà, tí ènìyàn fi lè rí ojú ọ̀run láàárín àjà àti òrùlé bó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ gbígbóná inú kíláàsì a máa gòkè, a gba àyè àárín bíríkì jáde. Atẹ́gùn tó ń kọjá láàárín àjà àti pánù a gbé e lọ. Afẹ́fẹ́ tó tutù jù ú lọ a gba ojú fèrèsé wọlé rọ́pò rẹ̀. Pánù lè gbóná bó ṣe fẹ́, atẹ́gùn wà láàárín rẹ̀ àti àwọn ọmọ, bíríkì sì wà ńbẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí fáànù, kò sí iná mànàmáná, kò sí ohun tó lè bàjẹ́ tí wọn yóò máa wá ẹni tí yóò tún un ṣe kiri.

Etí òrùlé náà tún yọ jáde jìnnà kọjá ògiri. Omi ni ọ̀tá amọ̀, gbogbo ẹni tó ti gbé ilé amọ̀ rí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun náà sì ni àwọn ará Gando ń bẹ̀rù láti ìbẹ̀rẹ̀. Etí òrùlé yìí ni ìdáhùn sí ẹ̀rù wọn: òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ kan ògiri. Òun náà ló ń ṣíji bo àwọn ọmọ bí oòrùn bá mú.

Irin òrùlé ńkọ́? Kò sí kìréènì ní Gando, kò sì sí ọ̀nà tí ọkọ̀ ńlá yóò gbà kó àwọn irin gbọ̀ngbọ̀n wá. Ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn bíríkìlà ń tì sínú kọnkéré, èyí tí wọ́n ń tà káàkiri, ni wọ́n rà. Wọ́n gé e, wọ́n jó o pọ̀ títí ó fi lágbára tó láti gbé pánù, síbẹ̀ kò wúwo ju ohun tí àwọn ènìyàn lè fi ọwọ́ gbé sókè. Káfíńtà tó ti ṣe òrùlé rí ló ronú eléyìí.

Kíláàsì mẹ́ta ló wà níbẹ̀, wọ́n tò sórí ìlà kan lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo. Àyè tó ní ìbòrí wà láàárín wọn, níbi tí wọ́n ti lè kẹ́kọ̀ọ́ tàbí ṣeré. Oṣù keje 2001 ni wọ́n parí rẹ̀, ìyẹn láàárín òjò gan-an. Òjò ọdún náà rọ̀ tán, òjò àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e rọ̀ tán, ilé ṣì dúró.

Ìgbà tí ilé ti dúró tán

Ní 2004, wọ́n fún ilé-ìwé Gando ní ẹ̀bùn Aga Khan fún iṣẹ́ ilé kíkọ́. Ọdún yẹn náà ni Kéré ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé-ẹ̀rí yunifásítì rẹ̀. Ó ti kọ́ ilé tó gbayì lágbàáyé kó tó ṣe ìdánwò àṣekágbá. Ní 2022 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Pritzker, èyí tó ga jù lọ nínú iṣẹ́ rẹ̀, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á. Ìtàn ẹ̀bùn yìí ni àwọn oníròyìn fẹ́ràn jù. Èmi fẹ́ràn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ olùkọ́.

Ilé kì í kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ gbà láti fi olùkọ́ ránṣẹ́, wọ́n sì gbà láti máa san owó wọn. Ìyẹn gan-an ni ibi tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé aláàánú ti ń kú. Wọ́n á gé ríbọ́ọ̀nù, wọ́n á kọ orúkọ olóore sára ògiri, bó bá di ọdún kejì, ewúrẹ́ ni yóò máa sùn níbẹ̀ torí pé ìjọba kò mọ̀ pé wọ́n kọ́ ilé-ìwé kankan. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá tilẹ̀ fi olùkọ́ ránṣẹ́, ṣé yóò dúró? Ẹ bi olùkọ́ èyíkéyìí tí wọ́n bá gbé lọ sí oko nílẹ̀ wa. Kò sí ilé tó dára tí yóò gbé, kò sí iná, ẹbí rẹ̀ wà nígboro. Láàárín oṣù díẹ̀ yóò ti máa wá ẹni tó mọ ẹnì kan ní ọ́fíìsì tó lè bá a gbé e kúrò. Nítorí náà, ilé olùkọ́ ni iṣẹ́ tó tẹ̀ lé ilé-ìwé ní Gando, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 2004. Amọ̀ ni òun náà, àwọn òrùlé amọ̀ tó tẹ̀ bí ọrun, irú èyí tí wọ́n ń fò lé lórí lọ́jọ́sí, ni wọ́n fi bò ó. Mo rò pé ilé olùkọ́ yìí ṣe pàtàkì tó kíláàsì, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí àwòrán rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìròyìn.

Ọmọ ń pọ̀ sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀, 120 ọmọ ni ilé-ìwé náà wà fún. Nígbà tó yá iye wọn dé 700. Wọ́n fi kíláàsì kún un ní 2008. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ìkàwé pẹ̀lú, àwọn ìkòkò amọ̀ tí àwọn obìnrin abúlé mọ ni wọ́n sì gé lọ́rùn àti nídìí, tí wọ́n tò sínú àjà rẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn lè gba ojú wọn wọlé. Wọ́n gbin igi máńgòrò fún ìbòòji àti fún èso. Lẹ́yìn náà ni ilé-ìwé gírámà, tí wọ́n fi orúkọ baálẹ̀ tó rán ọmọ rẹ̀ nílé-ìwé sọ: Naaba Belem Goumma. Fún èyí, wọn kò tún tẹ bíríkì mọ́. Wọ́n po amọ̀, òkúta wẹ́wẹ́ àti síméǹtì pọ̀, wọ́n sì dà á sínú pákó bí wọ́n ṣe ń da kọnkéré, torí èyí ń yára ju bíríkì lọ. Èrò ilé-ìwé gírámà yìí gba ẹ̀bùn Holcim fún ilé kíkọ́, onípò kìíní lágbàáyé, ní 2012.

Ẹ kíyè sí i pé ilé kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ sí èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ẹgbẹ́ aláàánú mìíràn ì bá ti mú àwòrán kíláàsì mẹ́ta yẹn kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ káàkiri abúlé igba. Ó dín owó kù, mo gbà. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti ń yí ọ̀nà padà yìí ni àwọn ọ̀dọ́ Gando ti di oníṣẹ́ ọwọ́ tòótọ́. Ọ̀dọ́kùnrin ilẹ̀ Burkina Faso, láti ìgbà pípẹ́, ọ̀nà etíkun ni wọ́n máa ń gbà lọ wá iṣẹ́, sí oko kòkó ilẹ̀ Côte d'Ivoire àti Gánà. Bí iṣẹ́ ilé kíkọ́ bá wà nílé, tí wọ́n sì ń san owó rẹ̀, díẹ̀ nínú wọn a dúró ti ìyá wọn. Àwọn aláṣẹ ìlú pàápàá rí bí wọ́n ṣe mọ iṣẹ́, wọ́n sì ń gbà wọ́n sí iṣẹ́ ilé tí ìjọba ń kọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà kò ti rọrùn

Ẹnikẹ́ni kò lè daṣọ Gando bo gbogbo abúlé. Ká ní àlejò òyìnbó kan ló dé, tó ní kí wọ́n fi amọ̀ kọ́ ilé-ìwé ọmọ wọn, wọn ì bá kà á sí ìwọ̀sí, mo sì rò pé wọn ì bá jàre. Kí ló dé tí amọ̀ fi jẹ́ tiwa, tí gíláàsì àti irin fi jẹ́ tiyín? Ọmọ wọn ló lè sọ ọ́ fún wọn, ọmọ tí wọ́n mọ ìyá rẹ̀, tí wọ́n ti fún ní kọ́bọ̀ ìdí aṣọ. Ìgbẹ́kẹ̀lé yẹn kò ṣeé rà pẹ̀lú owó ẹgbẹ́ aláàánú, kò sì ṣeé kó nínú àpótí lọ sí abúlé mìíràn.

Ohun kejì tó ń kọ mí lóminú ni pé orí ènìyàn kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ náà dúró lé. Orúkọ rẹ̀ ni ẹgbẹ́ ń jẹ́, òkìkí rẹ̀ ni owó ń tẹ̀ lé. Òkìkí náà ti gbé e jìnnà sí Gando báyìí. Ní Àjàṣẹ́, lórílẹ̀-èdè Benin, níbi tí Yorùbá ti ń gbé látayébáyé, òun ló yàwòrán ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tuntun. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n abúlé kan ṣoṣo kò lè máa retí pé kí olókìkí àgbáyé máa rántí òun láéláé.

Ẹ̀kẹta kò sí lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláàánú kankan. Láti nǹkan bí 2015 ni àwọn agbébọn ti ń da Burkina Faso láàmú, wọ́n ń dáná sun ilé-ìwé, wọ́n ń lé olùkọ́. Ní 2023, ilé-ìwé tó ti pa ní orílẹ̀-èdè náà ju 6,000 lọ. Kò sí irú bíríkì tí ènìyàn lè tẹ̀ tí yóò dá ìbọn dúró, ẹni tó bá sì ń dá owó ilé-ìwé lásìkò yìí ní láti béèrè ẹni tó ń ṣọ́ ọ̀nà kó tó béèrè iye kíláàsì.

Síbẹ̀, tí wọ́n bá ní kí n fi ohun kan ṣoṣo dá iṣẹ́ Gando mọ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù, n kò ní mú òrùlé, n kò ní mú ẹ̀bùn. Lẹ́yìn tí ilé-ìwé àkọ́kọ́ parí, àwọn ará abúlé méjì tó wà nítòsí wá wò ó. Wọ́n padà sílé, wọ́n dá ara wọn jọ, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ilé-ìwé tiwọn.